Àyànmọ́ àti Àfọwọ́fà: Bàálù Kékeré Tó Já Bọ́ ní Ìkẹjà ní 2013

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2013, bàálù kékeré kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Associated Airlines gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Àkúrẹ́ ló ń lọ. Embraer 120 ni irú rẹ̀, Bràsíìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í sì í gbà ju nǹkan bí ọgbọ̀n èrò lọ. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, èrò 13 àti òṣìṣẹ́ 7. Òkú kan tún wà níbẹ̀: òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009, tó jáde láyé ní ọjọ́ 13 oṣù tó ṣáájú. Wọ́n ń gbé e lọ sílé fún ìsìnkú ni. Bàálù náà kò lo ìṣẹ́jú kan lókè tó fi já bọ́ lẹ́bàá pápákọ̀ náà tó sì gbiná. Èèyàn 16 ló bá a lọ, mẹ́rin ló yè. Lára àwọn tó kú ni Déjì Fálaè, kọmíṣọ́nnà àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ní Oǹdó, àti Túnjí Òkúsànyà tí gbogbo Èkó mọ̀ nídìí iṣẹ́ ìsìnkú, tòun ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ olóògbé tí wọ́n ń gbé lọ wà lára àwọn tó yè.

Irú ìjàǹbá báyìí máa ń bí ìbéèrè méjì. Èkíní ni pé, báwo ló ṣe já bọ́? Èkejì ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ bàálù yẹn, lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú àwọn èèyàn yẹn? Ní ti 2013, ìbéèrè kejì mú ju bó ṣe máa ń mú lọ, nítorí àwọn tó ń sin òkú lọ ló di òkú. Olóògbé fúnra rẹ̀ sì ti jẹ mínísítà ètò ìrìnnà òfurufú rí, ní 1999. Ọkàn èèyàn kì í fẹ́ gbà pé ohun tó ṣe kòńgẹ́ ara wọn tó báyìí kàn ṣẹlẹ̀ ni. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti àwọn tó lówó bàálù nìkan. Ní Òjó, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ní ilẹ̀ Àwórì tí títì Badágírì là kọjá, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń bọ́ sójú títì yẹn ní ìdájí tí kò ní gbàdúrà kí òun má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Nínú àdúrà yẹn, ọ̀nà ní ikùn, ó sì ní ọjọ́ tó ń wá oúnjẹ. Síbẹ̀, ẹni tó gbàdúrà náà tán á ṣì wo táyà ọkọ̀ kó tó wọlé, bí awakọ̀ bá sì ń rùn fún ọtí, á bọ́ọ́lẹ̀. Ohun méjèèjì kò ta ko ara wọn lójú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe láìronú sí i ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ́n-orí àti ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Òjó yẹn kan náà, ń fi ọ̀pọ̀ ìwé yẹ̀ wò: bí a bá gbà pé àtọ̀run ni nǹkan ti wá, kí ni ìwúlò wíwá ìdí rẹ̀ láyé?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́jọ́ yẹn kò fara sin. Bàálù máa ń gbé ẹ̀rọ méjì tí aráyé ń pè ní àpótí dúdú: ọ̀kan ń gba ohùn inú yàrá awakọ̀ sílẹ̀, èkejì ń gba ìṣesí ẹ̀rọ sílẹ̀. Wọ́n rí méjèèjì yọ, AIB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá òfurufú nígbà náà, sì gbé àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde kí oṣù náà tó parí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3 lẹ́yìn tí wọ́n ní agbára ẹ́ńjìnnì ti pé, igbákejì awakọ̀ kíyè sí i pé bàálù ń fà. Nígbà tó di ìṣẹ́jú-àáyá 7, ohùn ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀. Ó ní àwọn pátákó ẹ̀yìn apá, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní flaps, kò sí ní ipò ìgbéra. Ó tún ń ké nípa ètò tó ń yí ojú ewé pùròpẹ́là, èyí tó jẹ́ pé bó bá ti yí i tán, pùròpẹ́là kò ní fa bàálù mọ́. Ìkìlọ̀ náà kò dákẹ́ ní gbogbo ìgbà tí bàálù fi ń sáré nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì òsì ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n agbára tó ń ti ọ̀tún jáde kéré sí tirẹ̀ gidigidi.

Nígbà tí eré pé nóòtì 80, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 148 ní wákàtí kan, wọ́n ké e síta bí ìlànà ṣe wí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12 lẹ́yìn náà, igbákejì béèrè bóyá kí wọ́n dá ìgbéra náà dúró. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn ìwọ̀n eré tó kù tó yẹ kí wọ́n ké, kò sẹ́ni tó ké e. Wọ́n gbé imú bàálù sókè. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 tí ìkìlọ̀ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ kò lè gbé apá bàálù ró mọ́. Ìkìlọ̀ yìí kò dáwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú-àáyá 31 lẹ́yìn rẹ̀ ni bàálù lulẹ̀.

Nígbà tí igbákejì béèrè ìbéèrè rẹ̀, orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn ṣì wà. Ọ̀rọ̀ àyànmọ́ kankan tó bá fo ibẹ̀ dá kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè ló béèrè, kò pàṣẹ. Níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wọ bàálù lórílẹ̀-èdè yìí ti dàgbà, báyìí ni ọmọdé ṣe ń kìlọ̀ fún àgbà: á béèrè, á sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún un. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì ti bá wọn lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fẹnu bù ú. Ṣùgbọ́n aráyé ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife, ọ̀gá awakọ̀ bàálù KLM kan ń sáré láti gbéra nínú kùrukùru. Ẹlẹ́ńjìnnì tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù Pan Am tó wà níwájú ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Kò tíì kúrò. Èèyàn 583 ló kú, kò sì sí ìjàǹbá bàálù tó tíì pa tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀gá awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn sí ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò ní dà bí ìbéèrè.

Yorùbá ní òwe méjì tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Èkejì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìrírí ni òwe àkọ́kọ́ ń sọ, òótọ́ sì ni níbi tó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń fúnni lójú. Nínú yàrá awakọ̀, àga kan náà ni tọmọdé tàgbà jókòó sí, ọwọ́ aago kan náà ni wọ́n ń wò. Òwe kejì ló bá ibẹ̀ mu, àwọn tó ń kọ́ awakọ̀ nílẹ̀ yìí ì bá sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn.

Nígbà tí àbọ̀ ìkẹyìn dé, okùnfà tó kà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ka ìpinnu láti máa gbéra lọ nígbà tí àmì àìsàn ti hàn lára pùròpẹ́là ọ̀tún. Ó ka àìtó agbára tó wá láti inú ẹ̀rọ tó ń darí pùròpẹ́là náà, pẹ̀lú àbùkù kan tí wọn kò lè fìdí irú rẹ̀ múlẹ̀. Ó tún ka àwọn tó ràn án lọ́wọ́: gbígbé imú bàálù sókè kí eré tó pé, ìwà òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tí kò bá iṣẹ́ mu, àìfikùnlukùn láàárín wọn, àṣà ilé-iṣẹ́ tí kò sunwọ̀n, àti àìmójútó tó látọ̀dọ̀ ìjọba. James Reason, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Manchester, ló fi irú èyí wé ègé wàràkàṣì oníhò tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn: ọjọ́ tí ihò gbogbo wọn bá ṣe déédéé ni ewu máa gba inú wọn kọjá. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ihò kọ̀ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí i. Irú èyí ni Yorùbá ń pè ní àfọwọ́fà, kódà nígbà tó bá jẹ́ pé ọwọ́ púpọ̀ ló fà á.

Bí a bá dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tán pátápátá, ìbéèrè kejì ṣì wà níbẹ̀. E. E. Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ṣàlàyé èyí nínú ìwé tó kọ ní 1937 nípa àwọn Àsándè, tí wọ́n ń gbé ní Sùdáánù ayé ọjọ́un àti Kóńgò. Nígbà mìíràn àká a máa wó lu àwọn tó jókòó sí ibòji rẹ̀. Àwọn Àsándè mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó àká náà, wọ́n sì mọ̀ pé oòrùn ló lé èèyàn sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ló mú kí wíwó àká àti jíjókòó èèyàn bọ́ sí ìṣẹ́jú kan náà. Ní Ifẹ̀, J. Olúbí Ṣódípọ̀, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1973 lórí ìdí àti èèṣì nínú èrò Yorùbá. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà: ẹni tó pe òrìṣà sí ọ̀rọ̀ kò ṣàìmọ ohun tí ojú ń rí, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn. Onímọ̀ ẹ̀rọ á ní kò sídìí, èèṣì ni. Lójú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, èèṣì kì í ṣe ìdáhùn.

Ìdáhùn tí Yorùbá ń fún ìbéèrè kejì ni orí. Nínú Ifá, oníkálùkù ló yan orí tirẹ̀ nílé Àjàlá, alámọ̀ orí, kó tó wá sáyé, òmíràn sì mú èyí tí iná kò jó dénú. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló ní orí láìsí ẹsẹ̀ kò débì kan: èèyàn ní láti rìn kó tó bá ìpín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà sì lè ba orí rere jẹ́. Ìṣòro kan wà tí ẹ̀kọ́ orí kì í sábà dojú kọ. Èèyàn 20 ní orí 20. Bí ikú àwọn 16 bá ti wà lákọsílẹ̀, ta ló kó wọn jọ sínú bàálù kan? Ọ̀pọ̀ wọn kò bára tan, iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹni tó wá sin ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó wá gbé pósí, ẹni tó wá wa bàálù. Thornton Wilder ará Amẹ́ríkà kọ ìtàn àròsọ kan ní 1927, The Bridge of San Luis Rey, nípa afárá tó já ní Peru tó pa èèyàn márùn-ún, àti fúráyà kan tó ń wá inú ayé wọn kiri láti fi hàn pé Ọlọ́run ló yàn wọ́n. Kò rí ìlànà kankan tó bá gbogbo wọn mu, wọ́n sì dáná sun òun àti ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú irú ìṣirò yẹn lórí àwọn tó kú ní Ìkẹjà, ibẹ̀ náà ló máa já sí.

Ẹ̀sìn Kristi ní ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ lórí pẹpẹ lẹ́yìn ìjàǹbá. Nínú orí 13 ìwé Lúùkù, Jésù sọ̀rọ̀ àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa, ó sì béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló ju ti àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ ka ìwà òkú láti inú bó ṣe kú.

Nínú Ìsìláàmù, ìgbàgbọ́ nínú kádàrá jẹ́ ọ̀kan lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fà. Ìtàn tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ bàálù yìí jù ni ti Khálífà Úmárù. Ó ń lọ sí Ṣáámù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Abú Úbáídà bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Úmárù dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́run lòun ń kúrò bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run mìíràn. Kò sí ìdáhùn tó jinlẹ̀ ju èyí lọ fún ẹni tó ń fi àyànmọ́ gbe ìpinnu lẹ́sẹ̀. Ká ní wọ́n dá bàálù náà dúró lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gba títì lọ sí Àkúrẹ́, ìyẹn náà ì bá jẹ́ kádàrá wọn. Kádàrá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má tẹ bíréèkì.

Ewu tó wà nínú ìbéèrè kejì ni pé ó rọrùn láti yí i padà di ẹ̀sùn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹni tó bá pa òwe yìí gbà pé ohun tó ṣáájú ló fa ohun tó tẹ̀lé e, kò sì wá ẹ̀rí mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1992, bàálù Hercules ti ilé-iṣẹ́ ológun òfurufú já bọ́ sí Èjìgbò, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí bárékè àwọn ológun ní Òjó. Ó pa èèyàn tó ju 150 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ọwọ́ kan wà níbẹ̀. Ibi tí ìwádìí kò bá ti dé etí aráàlú, ìfura ló máa gba ipò rẹ̀, ọmọ òkú á sì dàgbà pẹ̀lú ọ̀tá tí kò mọ ojú rẹ̀. Èyí nìkan tó láti sọ pé àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ síta jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó tọ́ sí òkú, gẹ́gẹ́ bí ìsìnkú ṣe tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá yọ nínú ìjàǹbá máa dúpẹ́, ó sì yẹ kó dúpẹ́. Nígbà tí bàálù Dana já bọ́ sí Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ọdún 2012, tí gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú pẹ̀lú àwọn kan nílẹ̀, àwọn tó yẹ kó wọ̀ ọ́ tí wọn kò wọ̀ ọ́ jẹ́rìí. Bí ẹ̀rí bá dúró lórí pé Ọlọ́run yọ mí, ọpẹ́ ni. Bó bá tẹ̀ síwájú láti sọ pé nítorí ààwẹ̀ tàbí ìdá mẹ́wàá òun ni, ó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn 153 náà níyẹn, láìdárúkọ wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó gbàdúrà kí wọ́n tó wọ bàálù yẹn pọ̀ nínú wọn. Ìwádìí fi hàn pé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti kọ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn ìgbéra ní Àbújá, tí wọ́n sì ń fò lọ sí Èkó síbẹ̀.

Gbólóhùn pé bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn kì í ṣe òtítọ́ tàbí irọ́ nìkan. Ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún ló ń fún un ní ìtumọ̀. Bí opó bá fi tu ara rẹ̀ nínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kò sì sí onímọ̀ kankan tó yẹ kó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹni tó ni bàálù, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe tàbí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ bá sọ gbólóhùn kan náà, ẹjọ́ ló ń bọ́ lọ́rùn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwàásù òkú tó kún fún kádàrá fi máa ń ṣe inúnibíni sí òtítọ́ nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí bá jókòó níwájú.

Òfin àgbáyé ti ya iṣẹ́ àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sọ́tọ̀. Àfikún kẹtàlá ìwé àdéhùn Chicago lórí ìrìnnà òfurufú ní ète kan ṣoṣo tí ìwádìí ìjàǹbá ní ni pé kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò fún olùwádìí láṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ ló ni ẹ̀bi. Ìbéèrè kejì bọ́ sọ́wọ́ ilé ìjọsìn àti babaláwo. Olùwádìí náà sì ní ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé: àbùkù tó wà nínú ẹ̀rọ pùròpẹ́là ọjọ́ yẹn, àbọ̀ náà jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè sọ irú ohun tó jẹ́. Àìmọ̀ yẹn kò di ti àjẹ́, kò sì di ti Ọlọ́run ju bí àwọn tí a mọ̀ ṣe jẹ́ tirẹ̀ lọ. Àìmọ̀ ni.

Ní 2022, òfin tuntun sọ AIB di NSIB, ó sì fi ojú irin àti ojú omi kún ohun tó lè ṣèwádìí. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi kan àdúgbò tí bàálù kì í bà sí. Ní 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Máìlì 2, Òkòkòmáíkò sì ni wọ́n pète pé ó máa parí sí. Àwọn ará Òjó tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà wà lábẹ́ òfin náà bákan náà. Bí nǹkan bá ṣe níbẹ̀, àwọn olùwádìí ní àṣẹ láti béèrè ohun tí wọ́n béèrè ní Ìkẹjà: ìkìlọ̀ wo ló kọ́kọ́ dún, ta ló gbọ́ ọ, ta ló sì ní kí wọ́n máa lọ.